Ìrù ni kó o kọ́kọ́ dì mú nínú ọ̀rọ̀ ìṣègùn

Òǹkàwé kan béèrè pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni, àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ́ wa sì ń já mi láyà. Glomerulonephritis, cholecystectomy, poliomyelitis: mo ń há wọn sórí lọ́kọ̀ọ̀kan, tó bá di ọjọ́ kejì wọ́n ti fò lọ. Olùkọ́ wa ní inú èdè Gíríìkì àti Látìnì ni wọ́n ti wá. Ṣé mo ní láti kọ́ èdè méjèèjì ni? Kí ló sì dé tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ò fi ọ̀rọ̀ tiwọn pe àìsàn?"

Àbúrò mi, o ò ní láti kọ́ Gíríìkì, o ò sì ní láti kọ́ Látìnì, àfi tó bá wù ọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó o nílò kò tó ìyẹn rárá. Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ bíi 200 lè gbé ọ lọ jìnnà, tó o bá ti mọ bí a ṣe ń gé ọ̀rọ̀ sí oríkèé rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìlera ní nǹkan wọ̀nyí, mo sì rí i pé àwọn tó ń há odidi ọ̀rọ̀ sórí ló máa ń gbàgbé, àwọn tó ń tú u ló máa ń rántí. Ohun kan wà tí mo fẹ́ kó o mú dání láti ìbẹ̀rẹ̀ ṣá, torí ó máa ń ṣi àwọn tó mọ gbòǹgbò dáadáa pàápàá lọ́nà: gbòǹgbò ọ̀rọ̀ ń sọ ibi tó yẹ kó o wò, kì í sọ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀.

Jẹ́ ká mú àwọn ọ̀rọ̀ tìẹ gan-an. Glomerulonephritis. Má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti iwájú. Ìrù ni kó o kọ́kọ́ dì mú. -itis ni ìrù rẹ̀, ó sì ń sọ fún ọ pé nǹkan kan wú, ó gbóná, ó ń roni. Kí ló wú? Wo ohun tó ṣáájú ìrù: nephr-, láti inú nephros tí àwọn Gíríìkì ń pe kíndìnrín. Apá ibo nínú kíndìnrín? Glomerulus, ọ̀rọ̀ Látìnì fún òwú kékeré tí a ká jọ róbótó. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín tó ká jọ bẹ́ẹ̀ ló ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ nínú kíndìnrín. Kó o tó ṣí ìwé, o ti mọ̀ pé àìsàn náà bá ibi tí kíndìnrín ti ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, àti pé ibẹ̀ wú. Cholecystectomy náà kò le jù bẹ́ẹ̀ lọ: -ectomy ní ìparí ní wọ́n gé nǹkan kan jáde, cyst ni àpò, chole ni òróòro. Àpò òróòro ni wọ́n gé jáde.

Ìdí tí mo fi ní ìrù ṣáájú ni pé òun ló ń sọ irú ọ̀rọ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ, bóyá àìsàn ni, tàbí iṣẹ́ abẹ, tàbí àyẹ̀wò, tàbí ẹ̀ka ẹ̀kọ́. Níbi iṣẹ́ abẹ ni mo ti fẹ́ kó o dúró pẹ́, torí ìrù mẹ́ta ló jọra níbẹ̀, àṣìṣe láàárín wọn kì í sì í ṣe kékeré. Tome ní Gíríìkì ni gígé. Tó o bá rí -otomy, wọ́n la ibẹ̀ ni. Ek ni "jáde", nítorí náà tó o bá rí -ectomy, wọ́n ti gé nǹkan náà jáde, kò sí níbẹ̀ mọ́. Stoma ni ẹnu, nítorí náà tó o bá rí -ostomy, wọ́n ṣí ẹnu síbẹ̀. Mú ìfun ńlá wò. Ẹni tí wọ́n ṣe colotomy fún, wọ́n la ìfun ńlá rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ṣe colectomy fún, wọ́n ti gé ìfun náà tàbí apá kan rẹ̀ kúrò. Ẹni tí wọ́n ṣe colostomy fún, ojú ihò tí wọ́n ṣí sára ikùn rẹ̀ ni ìgbẹ́ ń gbà bọ́ sínú àpò, ìwọ nọ́ọ̀sì lo sì máa tọ́jú ojú ihò náà. Lẹ́tà méjì péré ló ya colectomy àti colostomy sọ́tọ̀. Tí o bá ń ka fáìlì aláìsàn, má ṣe sáré kọjá lórí wọn láéláé.

-itis fúnra rẹ̀ ní ìtàn tó yẹ kó o gbọ́. Lẹ́nu àwọn Gíríìkì àtijọ́, kò sọ nípa wíwú rárá. Arthritis nosos ni wọ́n ń sọ, ìyẹn àìsàn ti oríkèé, torí nosos ni àìsàn. Nígbà tó yá nosos já kúrò, arthritis ṣẹ́ kù, àwọn oníṣègùn ìgbà tiwa ló sì wá yan -itis síbi kan ṣoṣo pé wíwú ni kó máa sọ. Àmì tí wọ́n fi ń mọ irú wíwú bẹ́ẹ̀ ti wà lákọsílẹ̀ láti ọ̀rúndún kìíní, nígbà tí Celsus, òǹkọ̀wé ará Róòmù, kọ ọ́ sínú ìwé ìṣègùn rẹ̀ ní Látìnì: rubor, tumor, calor, dolor. Ó pọ́n, ó wú, ó gbóná, ó ń roni. Wọ́n ṣì ń fi ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí kọ́ni títí dòní, bí Celsus ṣe kọ wọ́n.

Ìrù mìíràn tó ń tanni jẹ ni -oma. Wọn á sọ fún ọ pé kókó tàbí jẹjẹrẹ ló túmọ̀ sí, òótọ́ sì ni nínú carcinoma, lymphoma àti melanoma. Ṣùgbọ́n lipoma jẹ́ kókó ọ̀rá tí kì í pani, haematoma jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó dà jọ sábẹ́ awọ tàbí sínú ẹran ara, glaucoma sì jẹ́ àìsàn ojú tí kò ní kókó kankan nínú. Aláìsàn tó gbọ́ haematoma tó sì rò pé jẹjẹrẹ ni kò ní sùn lóru ọjọ́ yẹn. Ìwọ lo máa ṣàlàyé fún un.

Àwọn ìrù tó kù rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. -aemia wá láti inú haima, ẹ̀jẹ̀, nítorí náà anaemia ni àìtó ẹ̀jẹ̀, leukaemia ni "ẹ̀jẹ̀ funfun" torí leukos ni funfun, hypoglycaemia sì ni ṣúgà tó lọ sílẹ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. -uria ń sọ nípa ìtọ̀, -algia ń sọ nípa ìrora. -rrhoea ni ṣíṣàn, bó ṣe wà nínú diarrhoea. Má fi í pọ̀ mọ́ -rrhage inú haemorrhage o. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì mìíràn ni ìyẹn ti wá, èyí tó túmọ̀ sí kí nǹkan bẹ́.

Nípa oríkèé ọ̀rọ̀, fáwẹ̀lì o ni wọ́n sábà fi ń so gbòǹgbò pọ̀. Cardi-o-logy. Tí ohun tó tẹ̀ lé gbòǹgbò bá fi fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀, fáwẹ̀lì o yẹn máa ń jáde: gastr- àti -itis di gastritis, kì í ṣe gastroitis. Ṣùgbọ́n láàárín gbòǹgbò méjì ó sábà máa ń dúró bí ekejì tiẹ̀ fi fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ní gastroenteritis, wíwú agbẹ̀du àti ìfun. Tí o bá mọ èyí, ọ̀rọ̀ bíi electroencephalogram á já sí mẹ́ta fúnra rẹ̀: electro, encephalo, gram. Encephalo gan-an tún pín sí méjì, en ni inú, kephale ni orí: ohun tó wà nínú orí, ọpọlọ. Ẹni tí kò mọ oríkèé á máa gé ọ̀rọ̀ níbi tí etí rẹ̀ bá fẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń pín helicopter sí heli àti copter, bẹ́ẹ̀ helico, ohun tó lọ́, àti pter, ìyẹ́, ni wọ́n fi ṣe é.

Ó ku ìdí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ò fi lo ọ̀rọ̀ tiwọn. Wọ́n ní tiwọn o. Heart, liver, lung, blood, bone, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wọn ni gbogbo wọn, wọ́n sì ń lò ó nílé. Ṣùgbọ́n ìwé ìṣègùn ti wà kí ẹnikẹ́ni tó ronú láti kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn Gíríìkì ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí Yúróòpù jogún, bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà Hippocrates ará erékùṣù Kos, ní ọ̀rúndún karùn-ún ṣáájú ìbí Krístì. Nígbà tí Róòmù gba ilẹ̀ Gíríìsì, àwọn oníṣègùn Gíríìkì ni Róòmù ń lò. Galen ará Pergamon, tó tọ́jú Ọba Marcus Aurelius, Gíríìkì ló fi kọ gbogbo ìwé rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé Róòmù ló ti ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, Hunayn ibn Ishaq àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Baghdad túmọ̀ ìwé Galen sí èdè Síríákì àti Lárúbáwá. Ní ọ̀rúndún kejìlá, Gerard ará Cremona jókòó sí Toledo ní Sípéènì, ó túmọ̀ ìwé ìṣègùn ńlá Ibn Sina láti Lárúbáwá sí Látìnì. Ó dùn mí pé àwọn olùkọ́ máa ń fò apá yìí, torí láìsí àwọn atúmọ̀ yìí, púpọ̀ nínú ìmọ̀ Galen kì bá tí dé ilé ẹ̀kọ́ Yúróòpù nígbà tó dé ibẹ̀.

Látìnì ni wọ́n fi ń kọ́ni ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga náà. Vesalius fi Látìnì kọ ìwé rẹ̀ lórí ẹ̀yà ara ní 1543. Nígbà tí William Harvey, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì pọ́ńbélé, fẹ́ fi hàn ní 1628 pé ọkàn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara, Látìnì lòun náà fi kọ ọ́, kí àwọn ará Ítálì, Faransé àti Jámánì lè kà á. Àǹfààní kan tún wà níbẹ̀ tí mo gbà pé ó ṣe pàtàkì ju àṣà lọ: èdè tí ẹnikẹ́ni ò sọ nílé mọ́ kì í yí ìtumọ̀ padà lójú ọjà. Heart lè jẹ́ ìfẹ́, ó lè jẹ́ ìgboyà. Cardiac kì í ṣe ìfẹ́ rí.

Má sì rò pé àwọn Gíríìkì àtijọ́ ló ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò tíì pé 300 ọdún. Nígbà tí Laennec, dókítà Faransé, ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé sí àyà gbọ́ ìró ọkàn ní 1816, ó mú stethos, àyà, àti skopein, wíwò, ó fi wọ́n ṣe stethoscope. Nígbà tí Michael Faraday ń wá orúkọ fún ohun tó rí nínú iná mànàmáná, William Whewell ló bá a hun anode àti cathode, ojú ibi tí iná ń gbà wọlé àti ibi tó ń gbà jáde, láti inú Gíríìkì, ní 1834. Èdè Gíríìkì di ibi tí àwọn onímọ̀ ti ń gbé igi orúkọ, wọn ò sì bi àwọn Gíríìkì.

Nítorí pé èdè méjì ló dà pọ̀, ẹ̀yà ara kan sábà máa ń ní gbòǹgbò méjì. Kíndìnrín jẹ́ nephr- ní Gíríìkì, ren- ní Látìnì. Awọ ara jẹ́ dermat- àti cut-. Ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ pneumon- àti pulmon-. Èyí tó o máa rí jù ni pé Látìnì ń pe ẹ̀yà ara àti ohun tó jẹ mọ́ ọn, bíi renal àti pulmonary, nígbà tí Gíríìkì ń pe àìsàn, iṣẹ́ abẹ àti ẹ̀ka ẹ̀kọ́, bíi nephritis àti nephrology. Kì í ṣe òfin, àmọ́ ó máa ń ṣèrànwọ́. Hypodermic àti subcutaneous, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ní èdè méjì: hypo àti sub ni abẹ́, derma àti cutis ni awọ. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni adrenaline àti epinephrine. Ad ni ẹ̀bá, ren ni kíndìnrín. Epi ni orí, nephros ni kíndìnrín. Oògùn kan náà ni, láti inú ẹṣẹ́ (gland) kan náà tó jókòó lé kíndìnrín lórí. Ìwé Bìrìtìkó sábà máa ń lo adrenaline, ti Amẹ́ríkà máa ń lo epinephrine. Nọ́ọ̀sì tó mọ gbòǹgbò méjèèjì kò ní rò pé oògùn méjì ni.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ pọ̀, mo sì fẹ́ kó o mọ mélòó kan. Ante ti Látìnì ni ṣáájú, anti ti Gíríìkì ni ìlòdì: antenatal ni ṣáájú ìbímọ, antibiotic sì ń bá ohun alààyè tó ń fa àrùn jà. Hyper ni òkè, hypo ni ìsàlẹ̀, lẹ́tà tó sì ya hypertension, ẹ̀jẹ̀ ríru, kúrò lára hypotension, ẹ̀jẹ̀ tí ìfúnpá rẹ̀ lọ sílẹ̀ jù, kò tó nǹkan lẹ́nu ẹni tó ń sáré sọ̀rọ̀. Sọ ọ́ kedere nígbà tó o bá ń fa iṣẹ́ lé ẹlòmíì lọ́wọ́. Ileum ni apá ìparí ìfun kékeré, ilium ni egungun ìbàdí. Coronary kò wá láti inú cor, ọkàn, bí púpọ̀ ti rò. Corona, adé, ni, torí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ náà yí ọkàn ká. Orúkọ orthopaedics, ìṣègùn egungun àti oríkèé, kò sì ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ẹsẹ̀. Nicolas Andry ní Faransé ló hun ún ní 1741 láti inú orthos, títọ́, àti pais, ọmọdé, torí títún ẹ̀yà ara ọmọdé tó wọ́ ṣe ló ní lọ́kàn. Lónìí arúgbó tí egungun ìtan rẹ̀ ṣẹ́ ni wọ́n ń gbé lọ síbẹ̀.

Poliomyelitis, ọ̀rọ̀ rẹ kẹta, wà nínú àwọn tó ń yọni lẹ́sẹ̀ yìí. Polio kì í ṣe poly, púpọ̀. Polios ni, àwọ̀ eérú. Myel- kì í ṣe my-, iṣan ara. Myelos ni, mùdùnmúdùn. Wíwú apá aláwọ̀ eérú nínú mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn: ibẹ̀ gan-an ni kòkòrò rọparọsẹ̀ ti ń ba àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń darí iṣan ẹsẹ̀ àti apá jẹ́. Ṣùgbọ́n myel- kan náà nínú osteomyelitis ń sọ nípa mùdùnmúdùn inú egungun, kò kan ọ̀pá ẹ̀yìn. Gbòǹgbò kan, ibi méjì. Tó o bá rí myel-, wo àwọn tó yí i ká kó o tó pinnu.

Èyí ló mú mi padà sí ohun tí mo ní kó o mú dání. Ẹni tó sọ nǹkan lórúkọ, ohun tó gbà gbọ́ lọ́jọ́ yẹn ló fi sọ ọ́. Lavoisier, onímọ̀ kẹ́míìsì ará Faransé, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ gáàsì kan ní oxygen ní 1787, láti inú oxys, kíkan, àti gen, bíbí, torí wọ́n gbà pé òun ló wà nínú gbogbo ásíìdì. Ní 1810, Humphry Davy fi hàn pé ásíìdì kan wà tí kò ní oxygen rárá, èyí tí a ń pè ní hydrochloric acid lónìí. Orúkọ náà ò yí padà. Casimir Funk hun vitamine ní 1912 láti inú vita, ìyè, àti amine, torí ó rò pé irú èròjà amine ni gbogbo wọn; nígbà tó hàn pé bẹ́ẹ̀ kọ́, Jack Drummond dá a lábàá ní 1920 pé kí wọ́n yọ e ìparí kúrò, kí orúkọ má bàa máa purọ́. Malaria jẹ́ "afẹ́fẹ́ burúkú" ní èdè Ítálì, orúkọ náà sì ti wà tipẹ́ kí Ronald Ross tó rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn ní 1897. Hysteria wá láti inú hystera, ilé ọmọ, torí àwọn àtijọ́ gbà pé ilé ọmọ ló ń da obìnrin láàmú nígbà tí ọkàn rẹ̀ bá dàrú. Ìrònú yẹn ṣe ọ̀pọ̀ obìnrin ní ibi, ó sì dára bí ìṣègùn ṣe jù ú nù. Hysterectomy ní tirẹ̀ ṣì ń sọ òótọ́: wọ́n gé ilé ọmọ kúrò. Torí náà, fi gbòǹgbò rántí ọ̀rọ̀, kó o sì fi ìwé ẹ̀kọ́ mọ àìsàn.

Látìnì kan tún wà tí o máa bá pàdé lórí ìwé oògùn. Bd ni bis in die, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Tds ni ter die sumendum, kí a lò ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Prn ni pro re nata, nígbà tí aláìsàn bá nílò rẹ̀. Od léwu: fún àwọn kan omni die ni, lójoojúmọ́, fún àwọn oníṣègùn ojú, oculus dexter ni, ojú ọ̀tún. Níbi tí àyè bá ti wà, kọ ọ́ ní odidi ọ̀rọ̀, tí ohun tí dókítà kọ ò bá sì yé ọ, padà lọ bi í.

Bó o ṣe máa kọ́ ọ nìyí. Ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, má to ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ ní a-b-d. To wọn ní ìdílé. Ojú ewé kan fún -itis, òmíràn fún -ectomy, òmíràn fún haima. Ọ̀rọ̀ tuntun tó o bá bá pàdé, kọ ọ́ sí ojú ewé ìrù rẹ̀ àti ojú ewé gbòǹgbò rẹ̀, lẹ́yìn náà gbìyànjú láti sọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá kó o tó wo ìwé atúmọ̀. Ti Yorùbá yẹn ṣe pàtàkì, torí tí o kò bá lè sọ ọ́ lédè tí o ń ronú, a jẹ́ pé kò tíì yé ọ, aláìsàn rẹ náà ò sì ní gbọ́ ohun tó o bá sọ. Lo àwọn ọ̀rọ̀ tó o ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó mọ rhinoceros, ẹranko oníwo nímú, ti ní rhin-, imú, lọ́wọ́ fún rhinitis, ó sì ti ní kerat-, ìwo, fún keratin tó wà nínú èékánná àti irun.

Tó o bá fẹ́ ra ìwé, wo ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Bìrìtìkó máa ń kọ ae àti oe níbi tí Amẹ́ríkà ti ń kọ e nìkan: haematology àti hematology, oesophagus àti esophagus, paediatrics àti pediatrics. Tí o bá wá oesophagus lẹ́yìn ìwé Amẹ́ríkà tí o kò rí i lábẹ́ o, lọ wò ó lábẹ́ e.